Ọjọ́ Tí Pátákó Kúrò Nínú Odò

Ohun àkọ́kọ́ tí Bàbá Sẹ̀ǹtí rántí láyé rẹ̀ kì í ṣe ojú ìyá rẹ̀, kì í sì í ṣe orin tí wọ́n fi rẹ̀ ẹ́ sùn. Ìró omi ni. Páànù ilé wọn lu níbì kan, ìyá rẹ̀ a sì máa gbé abọ́ irin sábẹ́ ibẹ̀ tí òjò bá ti ṣú. Tó. Á dákẹ́. Tó. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni, ó dùbúlẹ̀ lórí ẹní, ó ń retí èyí tó kàn. Bí abọ́ bá ṣe ń kún ni ìró náà ń yí padà, ọmọ náà á sì mọ ibi tí omi dé láìdìde. Ìyá rẹ̀ ròyìn fún àwọn ará ilé pé ọmọ yìí kì í sunkún lásìkò òjò, ó kàn ń tẹ́tí ni. Wọ́n ní kí ó máa dúpẹ́. Wọn ò mọ̀ pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ló ń dàgbà di ẹni tó ń fi omi wíwọ̀n jẹun.

Ọmọ ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni nígbà tí ilé-iṣẹ́ omi gbà á. Odò kan ń ti inú igbó orí òkè sọ̀kalẹ̀ wá sí ìlú, òun ni gbogbo ìlú ń mu. Ẹnikẹ́ni kò gbin igbó náà. Àwọn igi ibẹ̀ ti wà níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ní àdá, ewé wọn sì ti fẹ̀ lé ara wọn débi pé tí òjò bá rọ̀ lónìí, ó lè tó ọ̀la kí ilẹ̀ ibẹ̀ tó mọ̀. Ní ìsàlẹ̀ igbó náà, pátákó kan dúró nínú odò. Nọ́ọ̀tì mẹ́rin ló dè é mọ́ òpó kọnkéré, nọ́ńbà sì wà lára rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè, bíi rúlà ọmọ iléèwé tí wọ́n rà fún òmìrán. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un ni pé kí ó wo pátákó náà ní aago méje àárọ̀ lójoojúmọ́, kí ó kọ iye sẹ̀ǹtímítà tí omi dé sínú ìwé. Iṣẹ́ náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, òun ló sì sọ ọ́ di Bàbá Sẹ̀ǹtí. Ẹni tó ṣe é ṣáájú rẹ̀ fi ọdún méjì ṣe é, ó ní òun kò lè máa fi ẹsẹ̀ tútù jẹ oúnjẹ àárọ̀.

Òun fi ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ṣe é, kò sì pa ọjọ́ kan jẹ. Ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, ó kọ́kọ́ lọ síbẹ̀, ó sì dé ibi ìgbéyàwó pẹ̀lú bàtà òjò lábẹ́ ṣòkòtò tuntun. Ọjọ́ tí wọ́n sin bàbá rẹ̀, ó lọ. Ọjọ́ tí ìyàwó rẹ̀ ń rọbí àkọ́bí wọn, ó ní òun ń lọ, òun ń bọ̀, òun á dé kí ọmọ tó dé. Ọmọ náà fi ogún ìṣẹ́jú ṣáájú rẹ̀. Omi jẹ́ mọ́kànléláàádọ́rin lọ́jọ́ náà. Ó sọ ọ́ fún ìyàwó rẹ̀ bó ṣe ń wọlé, bóyá ó rò pé yóò fẹ́ mọ̀.

Aránṣọ ni ìyàwó náà, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wà lẹ́bàá fèrèsé yàrá iwájú. Kò pariwo lé e lórí lọ́jọ́ náà. Ó kàn wò ó, ó ní, "Mọ́kànléláàádọ́rin. Ó dáa." Láti ọjọ́ náà, tí àwọn oníbàárà bá bi í léèrè ọkọ rẹ̀, á ní, "Ó wà lọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀ kejì. Ó ga tó mítà méjì, kì í sọ̀rọ̀."

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, ilé-iṣẹ́ onígẹdú kan kọ̀wé pé àwọn fẹ́ gba igbó orí òkè. Wọ́n á gé àwọn igi àtijọ́, wọ́n á gbin igi ilẹ̀ òkèèrè tó ń yára dàgbà, tó ń tò bí ọmọ ogun. Wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀ lódìkejì òkè ní ogún ọdún sẹ́yìn. Odò tó wà níbẹ̀ ń gbẹ fún oṣù méjì lọ́dọọdún báyìí, ẹni tó ń wọ̀n ọ́n sì ti gba ìyípadà lọ sí ọ́fíìsì, nítorí kò sí ohun tó fẹ́ wọ̀n mọ́. Ìgbìmọ̀ kan fẹ́ jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà. Ohun kan ṣoṣo tó lè fi hàn wọ́n pé odò ti ìhín kò gbẹ rí, kódà nínú ọ̀gbẹlẹ̀ tó le jù, ni ìwé mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù Bàbá Sẹ̀ǹtí.

Àwọn tó dìde láti gbèjà igbó náà pe ara wọn ní Ẹgbẹ́ Ọ̀rẹ́ Igbó. Alága wọn jẹ́ ọ̀gá iléèwé tó ti fẹ̀yìn tì, ìyá àádọ́rin ọdún tó ṣì ń sọ̀rọ̀ bíi pé èrò ẹ̀yìn kíláàsì kò gbọ́. Ó gbà pé àwòrán ló ń mú ènìyàn dìde, ọ̀rọ̀ kò lè mú wọn dìde.

"Ẹ fi nọ́ńbà bá wọn sọ̀rọ̀, oorun ni wọ́n á sùn," ló sọ fún Bàbá Sẹ̀ǹtí. "Ẹ fi àwọ̀ hàn wọ́n! Ẹni tó bá da omi síwájú, á tẹ ilẹ̀ tútù."

Òwe yìí ló fi ń parí gbogbo ọ̀rọ̀. Ó ti fi parí ìkíni lójú ọ̀nà rí.

Ó dá ọjọ́ àfihàn kan sílẹ̀, Ọjọ́ Igbó àti Omi, ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ìjókòó ìgbìmọ̀. Àwọn àwòrán igbó yóò wà lára ògiri gbọ̀ngàn ìlú. Láàárín gbọ̀ngàn, wọ́n á to ìwé Bàbá Sẹ̀ǹtí sórí tábìlì gígùn kan, wọ́n á sì so aṣọ ìkéde sókè rẹ̀. Ó ti ní kí wọ́n kọ aṣọ náà kó tó sọ fún oníwèé: ỌDÚN MẸ́RÌNDÍNLỌ́GBỌ̀N, KÒ PA ỌJỌ́ KAN JẸ. Yáàdì mẹ́rin ni. Ó ní kí ọjọ́ náà tó pé, kí àwọn ayàwòrán kun ohunkóhun tó bá rẹwẹ̀sì lójú ọ̀nà odò, kí ojú ènìyàn lè máa lọ síbẹ̀. Ó kọ àwọn nǹkan náà sínú ìwé, ó pín in.

Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, Bàbá Sẹ̀ǹtí dé odò ní aago méje ku ìṣẹ́jú márùn-ún. Omi wà. Òpó kọnkéré wà. Pátákó ni kò sí.

Èrò àkọ́kọ́ tó wá sí i lọ́kàn ni olè. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀tì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lórí òkúta, wọ́n tò léra bí ọmọlúàbí, olè kì í sì í to nọ́ọ̀tì. Ó mú ìwé jáde, ó kọ ọjọ́, ó wo omi. Omi náà wò ó. Ó jọ ti àná, àná sì jẹ́ mẹ́tàlélógójì. Òjò kò rọ̀. Kò sí ìdí kankan tí kò fi ní jẹ́ mẹ́tàlélógójì. Ó dúró síbẹ̀ títí pẹ́ńsù fi gbóná lọ́wọ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà ó pa ìwé náà dé, ó lọ wá pátákó.

Ọ̀sán ni ó tó rí i, ní ṣọ́ọ̀bù ayàwòrán kan, ọmọbìnrin tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, tí ọ̀dà kì í tán lábẹ́ èékánná rẹ̀. Pátákó náà fẹ̀yìn ti ògiri, ẹja ńlá kan sì wà lára rẹ̀, ó gbórí sókè bí ẹni tó ń fò jáde nínú omi. Ẹja náà dára. Ìyẹn gan-an ló dun Bàbá Sẹ̀ǹtí.

"Ẹ káàsán, Bàbá. Ẹ wá wo ẹja?"

"Mo wá wo pátákó."

"Òun náà nìyẹn, sà."

"Ta ló ní kó o tú u?"

Ó fa ìwé kan yọ lápò. "Alága ni. Ẹ wò ó: àpótí ìdọ̀tí mẹ́fà, ìjókòó méjì, àgbá omi kan, pátákó àtijọ́ kan nínú odò. Mo rò pé pátákó ìpolówó ni, tí òjò ti pa ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ rẹ́."

"Nọ́ńbà ló wà lára rẹ̀."

"Mo rí àwọn ìlà kan, lóòótọ́. Mo fi sáńpépà họ wọ́n dànù kí ọ̀dà lè dúró dáadáa."

 Bàbá Sẹ̀ǹtí jókòó sórí ìjókòó tó wà nítòsí.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má jókòó síbẹ̀ yẹn. Kò tíì gbẹ."

Bó ṣe di pé ó rìn gba ìgboro kọjá padà sílé nìyẹn, pẹ̀lú ìdí ṣòkòtò tó ní àwọ̀ ewé. Gbogbo ẹni tó rí i ló mọ̀ pé ó ti dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́.

Ayàwòrán náà kì í ṣe ènìyànkénìyàn. Nígbà tó yé e ohun tó ṣe, kò sunkún, kò ṣàlàyé. Aago mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ kejì ló ti gbé pátákó dé odò pẹ̀lú sípánà, ó dè é padà sí ihò mẹ́rin tó ti tú u. Bàbá Sẹ̀ǹtí fi tépù wọ̀n ọ́n láti àmì tó wà lára kọnkéré, kò yẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ń pe nọ́ńbà, ọmọbìnrin náà ń fi ọ̀dà funfun tó ń mú mọ́ nǹkan lábẹ́ omi pàápàá kọ ọ́ sí ìhà ẹja.

"Ogójì."

"Ogójì, sà. Ìyẹn bọ́ sí apá ìdí rẹ̀."

"Mi ò bi ọ́ léèrè apá ibi tó bọ́ sí. Àádọ́ta."

Nígbà tí wọ́n ṣe tán, ẹja náà dà bí ẹni tí aránṣọ ń wọ̀n aṣọ fún. Omi jẹ́ mẹ́tàlélógójì. Ó kọ ọ́. Lókè rẹ̀, ìlà ọjọ́ àná ṣófo.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ tí kò retí. Àwọn ènìyàn tí wọn kò wo odò náà rí bẹ̀rẹ̀ sí í lọ wo ẹja. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ ṣe ń le sí i, omi ń fi sẹ̀ǹtí kan sẹ̀ǹtí kan sọ̀kalẹ̀, wọ́n sì ń ròyìn rẹ̀ fún ara wọn níbi tí wọ́n ti ń gé irun. "Ìdí ẹja ti jáde." "Kí ni àwọn ará òkè ń ṣe tí wọ́n fẹ́ kí ẹja gbẹ?" Ọ̀kan dá Bàbá Sẹ̀ǹtí dúró lójú títì, ó bi í ibi tí omi dé, àti bóyá ó ti sọ fún ilé-iṣẹ́ omi. Láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni bi í léèrè ibi tí omi dé.  Bàbá Sẹ̀ǹtí ní, "Méjìdínlógójì," ó sì ń bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tí àfihàn ku ọjọ́ méjì, Alága wá sílé rẹ̀ láti kó ìwé. Ayàwòrán tẹ̀ lé e, ó gbé àpótí. Ìyàwó ń rán aṣọ lọ́wọ́, kò dá ẹ̀rọ dúró, orí ló fi kí wọn. Alága ṣí ìwé tó gbẹ̀yìn, ó ń fi ìka tẹ̀ lé e bí ẹni tó ń máàkì iṣẹ́ àṣetiléwá. Ìka náà dúró.

"Kí lèyí?"

"Ọjọ́ tí pátákó wà ní ṣọ́ọ̀bù," ni Bàbá Sẹ̀ǹtí wí.

Ayàwòrán bẹ̀rẹ̀ sí í wo àjà ilé.

"Kí ni àná rẹ̀?" Alága tún bi í.

"Mẹ́tàlélógójì."

"Kí ni ọ̀la rẹ̀?"

"Mẹ́tàlélógójì."

"Ẹ ò rí i? Ẹ kọ mẹ́tàlélógójì síbẹ̀, kí á máa lọ."

"Mi ò rí i kà, mà."

"Bàbá Sẹ̀ǹtí, mo ti kọ aṣọ yáàdì mẹ́rin. Àwọn onígẹdú yẹn, ihò abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń wá, màlúù ni wọ́n fẹ́ gbà á kọjá. Tí wọ́n bá rí àyè kan tó ṣófo nínú ìwé yìí, wọ́n á ní gbogbo ẹ̀ kò pé. Igbó á lọ, odò á lọ. Nítorí mẹ́tàlélógójì tí ẹ̀yin fúnra yín mọ̀ pé mẹ́tàlélógójì ni!"

Òtítọ́ ni. Bàbá Sẹ̀ǹtí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ti ń sọ ọ́ fún ara rẹ̀ lójoojúmọ́ láti ọ̀sẹ̀ méjì. Ó mú pẹ́ńsù. Ó fi kan ìwé. Nígbà náà ló ṣàkíyèsí pé ẹ̀rọ ìránṣọ náà ti dákẹ́.

"Bàbá wọn," ni ìyàwó rẹ̀ pè é. Ohùn rẹ̀ kò ga. "Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ béèrè nǹkan. Ṣé ó ṣeé kọ láìrí i?"

Pẹ́ńsù náà ṣì wà lórí ìwé.

"Mo kàn ń béèrè ni. Lọ́jọ́ tí mo ń rọbí, mo dì yín lọ́wọ́ mú. Mo ní kí ẹ jókòó, ẹ ní dandan ni kí ẹ lọ fojú yín rí i. Mo gbà. Mo fi yín sílẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ẹ lè jókòó sí ìdí bẹ́ẹ̀dì mi kí ẹ kọ mọ́kànléláàádọ́rin, ẹ sọ fún mi báyìí, kí n mọ irú ìyà tó jẹ mí."

Alága, tó ní ọ̀rọ̀ fún gbogbo nǹkan, wo bàtà ara rẹ̀. Òwe rẹ̀ kò sí nítòsí.

Bàbá Sẹ̀ǹtí gbé pẹ́ńsù kúrò níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó tún gbé e padà, ó sì kọ ọ́ jẹ́jẹ́, pẹ̀lú ọwọ́ tó fi ń kọ nǹkan láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n wá: *Pátákó kò sí nínú odò. A kò kà á.* Ó pa ìwé dé, ó fi lé Alága lọ́wọ́.

"Ìyá àwọn ọmọ," ló sọ, "kò ṣeé kọ láìrí i."

"Ó dáa," ni obìnrin náà wí, ẹ̀rọ náà sì tún bẹ̀rẹ̀.

"Aṣọ yáàdì mẹ́rin ńkọ́?" Alága béèrè, ṣùgbọ́n kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ní pàtó.

Ìyàwó náà ló dá a lóhùn láìgbójú sókè. Ó ní kí wọ́n gbé e wá. Ó gé aṣọ funfun kan, ó rán an mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀, ayàwòrán sì kọ ọ̀rọ̀ sí i. Bí aṣọ ìkéde náà ṣe wà ní gbọ̀ngàn ìlú lọ́jọ́ àfihàn nìyẹn: ỌDÚN MẸ́RÌNDÍNLỌ́GBỌ̀N, KÒ PA ỌJỌ́ KAN JẸ. ÀFI ỌJỌ́ KAN.

Àwòrán mẹ́tàdínlógójì ló wà lára ògiri lọ́jọ́ náà: ìkùukùu lórí igi, gbòǹgbò nínú omi, ọ̀bọ kan tí ẹni tó yà á kò rí ọ̀bọ rí. Gbogbo ènìyàn wò wọ́n, wọ́n yìn wọ́n, lẹ́yìn náà wọ́n lọ tò sí ìdí tábìlì àárín. Wọ́n fẹ́ rí ọjọ́ kan ṣoṣo yẹn.

"Èwo ni?"

"Èyí. Ó ní a kò kà á."

"Òun nìkan?"

"Òun nìkan. Ẹ wo àwọn tó kù."

Wọ́n sì ń wo àwọn tó kù. Àwọn ènìyàn tí kì í ka lẹ́tà tí wọ́n kọ sí wọn dúró, wọ́n ń ka iye sẹ̀ǹtímítà omi ọdún méjìlélógún sẹ́yìn, wọ́n ń wá ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ wọn, ọjọ́ tí ilé wọn jó. Bàbá Sẹ̀ǹtí dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì pẹ̀lú kóòtù, ó ń sọ fún wọn pé kí wọ́n má fi itọ́ ṣí ìwé.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni ìjókòó. Agbẹnusọ onígẹdú jẹ́ ọkùnrin tó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó fi ọjọ́ méjì ka ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlọ́gbọ̀n, ó sì rí ohun tó ń wá. Ó gbé e sókè kí gbogbo ìgbìmọ̀ rí i.

"Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, kí ni omi jẹ́ lọ́jọ́ yìí?"

"Mi ò mọ̀."

"Báwo ló ṣe jẹ́ tí ẹ ò mọ̀?"

"Àwọn ẹgbẹ́ tó ń gbèjà igbó tú pátákó lọ ya ẹja sí i."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Alága kò sí lára wọn.

"Ṣùgbọ́n ẹ wà níbẹ̀. Ẹ fojú rí omi. Kí lẹ rò pé ó jẹ́?"

"Wọn ò gbà mí síṣẹ́ kí n máa rò," ni Bàbá Sẹ̀ǹtí wí. "Kíkà ni wọ́n gbà mí fún."

Agbẹnusọ náà ní òun kò ní ìbéèrè mọ́, ó sì jókòó bí ẹni tó ti jàre. Ṣùgbọ́n olórí ìgbìmọ̀, àgbàlagbà kan tó ti ń sùn láti àárọ̀, ní kí wọ́n gbé ìwé náà wá. Ó wo àyè náà pẹ́. Ó bi Bàbá Sẹ̀ǹtí bóyá ẹnikẹ́ni ní kó kọ nọ́ńbà síbẹ̀. Bàbá Sẹ̀ǹtí ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó bi í ìdí tí kò fi kọ ọ́.  Bàbá Sẹ̀ǹtí wo àárín èrò, níbi tí ìyàwó rẹ̀ jókòó sí, tó ń ṣẹ́ etí aṣọ oníbàárà lórí itan.

"Ọ̀rọ̀ ilé ni, sà," ló dáhùn.

Olórí ìgbìmọ̀ ní ó yé òun.

Wọ́n dá ẹjọ́ ní ọjọ́ kẹta. Kí ẹnikẹ́ni má fi àáké kan igbó orí òkè fún ọdún mẹ́wàá, lẹ́yìn náà kí wọ́n tún jókòó. Kí wíwọ̀n omi máa lọ bó ṣe ń lọ. Nípa ti ìwé, wọ́n ní àwọn gbà á wọlé lódindi, pẹ̀lú ojú ewé tó ní àyè, nítorí ẹni tí kò purọ́ níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè mú un, wọn kò rí ìdí tó fi máa purọ́ níbòmíràn. Alága gbá ayàwòrán mọ́ra, ó gbá olórí ìgbìmọ̀ mọ́ra, ó sún mọ́ Bàbá Sẹ̀ǹtí, ó rí ojú rẹ̀, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

Ọdún mẹ́wàá kò pẹ́ láyé igi. Bàbá Sẹ̀ǹtí yóò jẹ́ ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin nígbà náà, yóò ti fẹ̀yìn tì, ẹlòmíràn ni yóò máa fi ẹsẹ̀ tútù jẹ oúnjẹ àárọ̀. Ó rò ó bó ṣe ń rìn lọ sílé. Kò bà á nínú jẹ́ tó bó ṣe rò.

Ìyàwó rẹ̀ ti yà sílé oníbàárà láti lọ gbé aṣọ fún un. Ilé dákẹ́. Ó bọ́ kóòtù, ó fi kọ́. Ó bọ́ bàtà, ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀ tó wọ̀ lọ sódò láàárọ̀, tí kò ráyè pààrọ̀ kó tó wọ bàtà ìjókòó. Wọ́n ti gbẹ sí i lẹ́sẹ̀, wọ́n ń rùn bí ewé tó ti jẹrà. Ó bu omi sínú bàsíà, ó fi ọṣẹ sí i, ó gbo wọ́n, ó fún wọn, ó tún omi bù, ó ṣan wọ́n títí omi fi mọ́. Ó rí ihò kan ní àtẹ́lẹsẹ̀ ti òsì. Ó yí i sínú, kí ẹni tó bá ń kọjá má baà rí i, ó fi méjèèjì há okùn ẹ̀yìnkùlé, ó sì da omi bàsíà náà sí ìdí ògiri.